Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Ìdófìàn

Camry ọdún 2003 ni, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "Big Daddy", ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin, jíà ọ́tò. Alhaja kan tó ń ta aṣọ òfì ló ni ín. Ìlọrin ni Alhaja ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń hun aṣọ ọ̀hún, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ sí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, torí náà ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, èyí tó gba Ìdófìàn kọjá, ni ọkọ̀ yẹn ti ń lo ayé rẹ̀ jù. Ẹjọ́ tó wá rò fún mi kò gùn: ọkọ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Oníṣẹ́ tó bá gbọ́ "kì í ṣe gbogbo ìgbà" ti mọ̀ pé wàhálà dé. Ọkọ̀ tó bá ń gbọ̀n lójoojúmọ́, wàá wà á, wàá gbọ́ ọ, wàá mọ ibi tí wàá ti fi sípánà bọ̀ ọ́. Èyí tó ń gbọ̀n nígbà tó bá wù ú, tó bá ti fojú kan ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì báyìí, á ṣe jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ Alhaja ti dé ọwọ́ àwọn mìíràn kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹnì kan ti pààrọ̀ síìtì ẹ́ńjìnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé. Ẹnì kan ti ṣe bálánsì táyà, ó sì ní kí wọ́n ra méjì tuntun síwájú. Ẹni tó kẹ́yìn yọ ṣáàfùtì apá òsì, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó fi "Belgium", ìyẹn àlòkù òkè òkun, dípò rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, Alhaja á lọ sí Ọ̀fà, ọkọ̀ ò ní gbọ̀n, á pe oníṣẹ́ náà lórí fóònù, á gbàdúrà fún un. Kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

N kò rí ẹ̀bi wọn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n pààrọ̀ pátá ló lè mú ọkọ̀ gbọ̀n lóòótọ́. Ibi tó ti wọ́ ni pé ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ń wá, kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tó ń ṣe é. Ohun tó sì máa ń tan oníṣẹ́ jẹ nínú irú èyí ni pé ohunkóhun tó o bá ṣe sí i lónìí ló máa dà bíi pé ó ti gbà, títí ọjọ́ tí yóò tún fi jí. Nítorí náà, kí n tó gbé ọkọ̀ yẹn sórí jáàkì, mo fa àga fún Alhaja, mo fa ọ̀kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń wà á, mo ní ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ná.

"Alhaja, tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ṣé ó máa ń gbọ̀n?"

"Rárá o. Tó bá ti dúró, ó dúró náà nìyẹn."

Ìdáhùn yẹn nìkan ti gba ẹrù kúrò lórí mi. Síìtì ẹ́ńjìnì tó ti jẹ, tàbí púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tí kò taná dáadáa, ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní "D" tí a tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ sínú gósílóò ni wọ́n máa ń ṣe é jù. Àga á máa gbọ̀n nídìí ẹni, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa sọ̀rọ̀. Mo ṣì fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kí ọkàn mi lè balẹ̀. Bí sílíńdà kan kò bá taná bó ṣe yẹ, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: P0300 tí kò bá dá ojú kan, P0301 títí dé P0304 tó bá mọ èyí tó ń ṣe é. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀.

Mo kọjú sí ọmọkùnrin náà. "Tó bá ti ń gbọ̀n, tó o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ṣé ó máa ń dákẹ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Rárá, ọ̀gá. Ó máa ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ni."

Ṣáàfùtì bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣáàfùtì tí orí rẹ̀ lápá inú ti jẹ, ìgbà tó bá ń fa ẹrù ló máa ń gbọ̀n, pàápàá tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí a tẹná mọ́ ọn. Gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. "Belgium" tí Alhaja rà kò ṣe é ní jàǹbá, kò kàn ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni.

"Eré mélòó ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"Tó bá ti tó 80 báyìí, ọwọ́ mi á ti máa mọ̀ ọ́n. Tó bá dé 100, sítẹ́ríǹgì ò ní ṣeé dì mú mọ́."

Alhaja gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ láti Ìdófìàn la ó ti máa bá sítẹ́ríǹgì jà."

Ohun tó mú kí wọ́n rò pé bálánsì ni nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò dọ́gba, láàárín 80 sí 110 náà ló máa ń gbọ̀n jù. Ṣùgbọ́n bálánsì kì í yan ọjọ́. Táyà tó bá gbọ̀n ní 100 lálẹ́ yóò gbọ̀n ní 100 láàárọ̀. Mo ka ọjọ́ orí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára wọn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àmì roboto kan nítòsí DOT ni: bí ẹ bá rí 1419, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. (Ẹ máa wò ó kí ẹ tó sanwó táyà tókùnbọ̀, torí òǹtajà kò ní sọ fún yín.) Mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú wọn yíká bóyá mo máa rí ibi tó wú. Kò sí.

Ìgbà tí mo wá béèrè ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là.

"Tí a bá ti kọjá Ìdófìàn ni," ni Alhaja wí. "Ibẹ̀ gan-an. Mo ti ní ọ̀nà ibẹ̀ ni kò dáa."

"Tí ẹ bá ń bọ̀ wálé ńkọ́, tí ẹ dé ibẹ̀ yẹn kan náà?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n máa ń sun Ọ̀fà, wọ́n á sì gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. "Kò gbọ̀n rí tí a bá ń bọ̀," ni ọmọkùnrin náà wí, ó sì jọ pé ìgbà tó sọ ọ́ jáde ni òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ó kù. Wọ́n máa ń dúró ní Àjàṣẹ́ láti kírun Alásàrí, tí wọ́n bá sì ti kírun tán, ọkọ̀ náà kì í gbọ̀n mọ́ títí dé Ọ̀fà. Alhaja ní òun ti gbà nínú ọkàn òun pé àdúrà ló ń bá àwọn ṣe é. Mo béèrè ọ̀rọ̀ òjò. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í díẹ̀: "Ọ̀gá, tójò bá ń rọ̀, kì í gbọ̀n rárá."

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ to ohun tí wọ́n sọ yẹn jọ. Ọkọ̀ kì í gbọ̀n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ní láti rìn jìnnà díẹ̀. Tó bá sinmi, ó ń fi í sílẹ̀. Tí omi bá kàn án, kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ń jáde nílùú lọ́sàn-án, wọ́n á kọ́kọ́ jìyà gósílóò láti Gáràjì Ọ̀fà n'Ílọrin títí dé Gànmọ̀, ẹsẹ̀ ò kúrò lórí bíréèkì. Láti Ọ̀fà bọ̀ láàárọ̀ kùtù, ọ̀nà ṣófo, bíréèkì kò níṣẹ́ púpọ̀ títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Nǹkan kan ń gbóná lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn, ó sì ń tutù padà. Bẹ́árì lè gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́árì tó ti bàjẹ́ á máa hó wùùù létí ẹni, kò sì mọ ìyàtọ̀ gósílóò àti ọ̀nà tó ṣófo. Bíréèkì ló kù.

Mo wá béèrè bóyá ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọkùnrin náà ní ó ń fà sọ́tùn-ún díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì bo àrùn náà mọ́lẹ̀. Apá ọ̀tún la ń rìn nílẹ̀ yìí, wọ́n sì máa ń ṣe títì kó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi lè ṣàn lọ, torí náà gbogbo ọkọ̀ ló ń fẹ́ yọ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ká ní ẹsẹ̀ òsì ni bíréèkì ti ń dì ni, ọkọ̀ ì bá máa fà sáàárín títì, ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọn ì bá ti fura.

Mo ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí Ọ̀fà gan-an, pẹ̀lú gbogbo ẹrù aṣọ nínú búùtù. Bí mo bá wà á lófìfo yí àdúgbò po, ohun tí àwọn tó ṣáájú rí náà ni màá rí. Èmi wà á, ọmọkùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Alhaja wà lẹ́yìn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tí a fi ń ka ooru. Ìbọn tí wọ́n ń nà síni níwájú orí nígbà Kòrónà kọ́ nìyẹn o. Ooru ara èèyàn nìkan ni ti ìgbà Kòrónà mọ̀, tó bá ti kọjá 43 lórí ìwọ̀n Celsius báyìí, á kọ̀ láti kà. Ti àwọn oníṣẹ́ ló ń ka nǹkan gbígbóná.

Gáràjì Ọ̀fà kún bó ṣe máa ń kún. Ní Gànmọ̀, tírélà kan dí ọ̀nà. Kí a tó bọ́ nínú rẹ̀, mo ti fara balẹ̀ wo nǹkan kan: tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì níbi tó dagẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kì í yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ ọ́tò ṣe yẹ kó ṣe, ó ń lọ́ra. A kọjá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìdófìàn, èyí tí wọ́n ń pè ní NCAM. Kò pẹ́ sí ibẹ̀ tí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó ń fi èékánná lu ẹ̀yìn sítẹ́ríǹgì, kó tó wá di gbígbọ̀n gidi tí ago ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ò ṣeé kà mọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá. Mo gbé jíà sí "N", ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ lórí eré láé o, sítẹ́ríǹgì á le, bíréèkì náà á le. Ní "N", ẹ́ńjìnì àti ṣáàfùtì kò fa nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ ìgbọ̀n náà kò yí padà. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni bí eré ṣe ń já lulẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, Camry tó wà ní "N" máa ń sáré lọ jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́. Èyí ń dúró bíi pé ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn. Mo fi ìka ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀, ìgbọ̀n náà di ìlọ́po. Alhaja ní òun ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó.

Mo jẹ́ kó fúnra rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí kò sí koríko gbígbẹ. N kò fẹ́ tẹ bíréèkì dúró torí ìyẹn á mú ẹsẹ̀ méjèèjì gbóná, ẹ̀rí á sì dàrú. Ọmọ iṣẹ́ mi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Dísìkì iwájú lápá òsì: 88. Ó yí sí apá ọ̀tún, ó nà án, ó wò ó, ó tún un nà. "Ọ̀gá, 261." Ẹni tí kò bá ní ìbọn lè mú àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án, ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé má mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má da omi sí i kó lè yára tutù. Dísìkì gbígbóná tí omi tútù bá dà lé lè wọ́, ó lè sán pàápàá.

A dúró títí ó fi tutù, a rọra padà sí ṣọ́ọ̀bù. Alhaja pe àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Ọ́fà, ó ní kí wọ́n máa retí òun lọ́la. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó ti rí 261 yẹn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Mímọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kò tíì parí ọ̀rọ̀, torí ohun tó lè mú kí bíréèkì di ẹsẹ̀ kan mú ju ọ̀kan lọ. Ó lè jẹ́ pé pin tí kálípà (irin tó ń fi páàdì méjì fún dísìkì mọ́ra kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè dúró) ń yọ̀ lórí rẹ̀ ti gbẹ. Ó lè jẹ́ písítìn inú kálípà ló ti di. Ó sì lè jẹ́ pé epo bíréèkì tó wọlé lọ kò rí ọ̀nà padà. Àwọn páàdì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí pin bá gbẹ, páàdì inú máa ń jẹ ju ti ìta lọ, torí ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ fún méjì. Lápá ọ̀tún ọkọ̀ yìí, méjèèjì ti jẹ dọ́gbadọ́gba, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, nígbà tí tòsì ṣì nípọn. Mo ti kálípà lọ mo fà á bọ̀ lórí pin, ó ń yọ̀. Mo wá ń fojú sí epo.

Ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ó ti tutù, ẹsẹ̀ méjèèjì sì ń yí fàlàlà. Ipò tí gbogbo àwọn tó ṣáájú bá a nìyí, ìdí nìyí tí wọn kò fi rí nǹkan kan. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi wọlé kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an ní àtẹ̀léra, bí ẹni wà ní gósílóò, kó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Mo yí ẹsẹ̀ òsì: ó yí. Mo di ọ̀tún mú: kò mira. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á kó tó yí díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn án. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ó ń tú ara rẹ̀!" Bó ṣe ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

A tún tẹ̀ ẹ́ kó lè dì. Mo kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì páìpù irin tó wà lókè hóòsì, ìyẹn páìpù rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì dé kálípà; ibẹ̀ ni epo ti ń wọ inú rẹ̀. Epo kán díẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò dẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lókè lọ́hùn-ún ni ìdènà wà, nínú másítà tí pẹ́dà fi ń ti epo lọ sí àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó ti tú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, másítà kì í sábà yan ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ní àrùn, ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀nà epo rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́. Mo dè é padà. Mo wá fi sípánà kékeré tú ìṣó tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ hóòsì. Epo tú jáde fìà, ó dúdú, ó ta sí apá mi. Mo yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ń yí bíi pé kò sí ohun tó ṣe é rí.

Epo há láàárín kálípà àti òkè hóòsì. Kò sí ohun mìíràn láàárín wọn ju hóòsì lọ.

Lójú, hóòsì yẹn kò ní àbùkù. Kò là, kò wú, kò jò. Mo yọ ọ́, mo fún ọmọ iṣẹ́ mi ní wáyà tín-ín-rín kan. Ó tì í láti òkè, ó kọjá. Ó tì í láti ìsàlẹ̀, ó kọ́ nǹkan. Ó tún un tì, ó tún kọ́. A fi abẹ là á ní gbọọrọ. Rọ́bà inú rẹ̀ ti wú, awẹ́ kan sì ti ṣí kúrò lára ògiri rẹ̀, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, orí rẹ̀ kọjú sí kálípà. Tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, epo á ti awẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ á kọjá. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, agbára tó ń ti epo padà kò tó nǹkan, awẹ́ á sì pa ihò dé. Páàdì á máa fọwọ́ pa dísìkì lọ títí epo yóò fi rí ihò tín-ín-rín yọ́ jáde.

Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀, hóòsì tó bá ọkọ̀ wọ̀lú ni, kò sì sẹ́ni tó pààrọ̀ epo bíréèkì rí. Ṣùgbọ́n mo tún fura sí nǹkan kan tí mo máa ń rí lójoojúmọ́: ẹni tó ń pààrọ̀ páàdì á tú kálípà, á jẹ́ kó máa rọ̀ dirodiro lórí hóòsì bó ṣe wúwo tó, á sì máa bá ẹni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà. Ìta hóòsì kò ní fi hàn. Wáyà kékeré kan tí a fi so kálípà mọ́ sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kù ti tó láti gbà á sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ iṣẹ́ tí mo bá rí tó fi kálípà kọ́ sórí hóòsì, òun ló máa gbálẹ̀ títí oṣù á fi parí.

Ó ku bí dídì ṣe di gbígbọ̀n. Dísìkì tó ń gbóná bẹ́ẹ̀ léraléra kò lè tẹ́jú mọ́. Ojú rẹ̀ ti ní àwọn ibi tó pọ́n dúdú bí àwọ̀ aró, páàdì sì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ibì kan ju ibòmíràn lọ. Mo fi gééjì onítọ́ka wọn bó ṣe ń wọ́ bó bá ń yí. Fún ọkọ̀ yìí, kò yẹ kó ju 0.05 mílímítà lọ. Mo bá 0.14. Bí páàdì kò bá kàn án, ìwọ́ yẹn kò lè dé ọwọ́ awakọ̀. Ṣùgbọ́n páàdì tí kò fi dísìkì sílẹ̀, gbogbo ibi tó ga lára rẹ̀ ni yóò máa gbá a lórí eré. Nígbà tí mo tún béèrè, ọmọkùnrin náà rántí pé pẹ́dà bíréèkì máa ń lu òun lẹ́sẹ̀ díẹ̀ nínú ìlú, òun kàn kà á sí ọjọ́ ogbó ọkọ̀ ni.

Nígbà tí mo ka ohun tí a máa rà fún Alhaja, hóòsì iwájú méjì, dísìkì méjì, páàdì, àti epo bíréèkì tuntun, ó gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú.

"Ọ̀tún lẹ ní ó bàjẹ́. Kí ni tòsì ṣe yín?"

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ débẹ̀, Alhaja. Tí mo bá fi tuntun sí ọ̀tún nìkan, ọ̀tún á dúró ju òsì lọ, lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì pàjáwìrì, ọkọ̀ á yí mọ́ yín lọ́wọ́."

"Ṣáàfùtì tí mo ti rà ńkọ́? Wọn ò lè gbà á padà?"

Mo ní ìyẹn wà láàárín òun àti ẹni tó tà á. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹni náà tí n kò ní kọ síbí. Lórí epo bíréèkì nìkan ni kò bá mi dúnàá-dúrà, torí mo ṣàlàyé pé epo DOT 3 tuntun kì í hó títí yóò fi dé 205, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tó bá ti mu omi tó, ní 140 ó lè ti máa hó. Dísìkì rẹ̀ sì ti lé ní 260. Ká ní epo yẹn hó lọ́jọ́ kan níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, pẹ́dà ì bá kàn wọlẹ̀ ni, bíréèkì ò ní sí. Ó ní kí n lọ ra èyí tó dára jù.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. A pààrọ̀ ohun tó yẹ, a wo rọ́bà písítìn bóyá ooru ti jẹ ẹ́, a gbọ́ bẹ́árì apá ọ̀tún torí ooru lè yọ́ gírísì inú rẹ̀, a fi epo tuntun fọ gbogbo ọ̀nà bíréèkì títí ó fi ń jáde ní mímọ́. Ibi kan ṣoṣo tí mo fara balẹ̀ sí ni nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn fọganáísà kan máa ń gun orí sípánà ni, wọ́n á fo lórí rẹ̀. Dísìkì tuntun tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò dọ́gba lè tún wọ́. Agbára 103 N·m ni nọ́ọ̀tì Camry yìí ń fẹ́, ní ìdákọjá: ẹ de ọ̀kan, ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i.

Ní ọjọ́ kejì, a tún gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà, lọ́sàn-án, nínú gósílóò kan náà. Mo sá a dé 110 lẹ́yìn Ìdófìàn. Ní Àjàṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi na ìbọn: òsì 94, ọ̀tún 97. Alhaja kírun Alásàrí rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ sí Ọ̀fà, èmi àti ọmọ iṣẹ́ wọ ọkọ̀ èrò padà. Kò tíì gbọ̀n láti ìgbà náà, òjò ti rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ọmọkùnrin náà ní owó epo pẹtiróòlù pàápàá ti dín.

Hóòsì ẹ̀yìn ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Mo fi ọ̀nà kan náà yẹ̀ wọ́n wò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ń tú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà pé kí wọ́n pààrọ̀ wọn kó tó dàgbà sí i. Alhaja ní ó di lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn tó gba aṣọ àwìn l'Ọ́fà bá ti sanwó.